Bí Ìtàn Tó Dùn Ṣe Lè Fa Ọmọ JSS 2 Tó Ń Sá fún Ìwé Kíkà

Ìbéèrè: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé ìjọba kan ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, JSS 2 ni mo sì ń kọ́. Nínú ọmọ méjìlélógójì tó wà ní kíláàsì mi, àwọn mẹ́sàn-án wà tí wọn kò lè ka ojú ìwé kan tán kí agogo tó lù. Bí mo bá ní kí wọ́n kàwé, ọ̀kan á ní inú ń run òun, òmíràn á ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Mo fi owó ara mi ra ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́ta, mo rò pé adùn rẹ̀ yóò fà wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó ti mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀ nìkan ló ń yá a. Ọ̀gá wa sì ní ìwé fàájì ni mo fi ń fi àkókò ìjọba ṣòfò. Ṣé kí n jáwọ́ ni?"

Ìdáhùn: Ẹ má jáwọ́, ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìtara. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ ni pé ẹ gbé ìwé tó dùn lé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì gbọ́ adùn rẹ̀ rí. Ọmọ tó mọ̀wé kà yóò ṣí i wò, ìtàn yóò sì gbé e lọ kó tó ka ojú ìwé méjì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà yóò máa rí, kò ní rí ìtàn kankan níbẹ̀. Ìtàn àròsọ tí gbogbo ayé ń kà lè fa ọmọ tó ń tiraka sídìí ìwé, ó sì ti fa ọ̀pọ̀ lójú mi, àmọ́ etí ni adùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà wọlé kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Orí kókó yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Kí ẹ tó ka ìtàn kankan fún wọn, ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí àwọn mẹ́sàn-án náà jẹ́, nítorí n kò rò pé ìṣòro kan náà ló ń bá gbogbo wọn jà. Ẹ pe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá lọ sí bíréèkì, ẹ fún ọmọ náà ní ìpínrọ̀ kan tó ní nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀, kí ẹ sì máa fi pẹ́ńsù sàmì sí èyí tó bá ṣì kà tàbí tó fò. Bí àṣìṣe rẹ̀ kò bá ju 2 lọ, ó lè dá irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà. Bó bá tó 5, ó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í. Bó bá ju 10 lọ, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ìyà lásán ni ó fi ń jẹ ẹ́. Ẹ máa rí i pé àwọn kan nínú wọn mọ̀wé kà, wọ́n kàn kórìíra rẹ̀ ni. Àwọn kan ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, tó fi jẹ́ pé kí wọ́n tó dé òpin gbólóhùn, wọ́n ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀kan tàbí méjì tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín "g" àti "gb", tí "s" àti "ṣ" sì jẹ́ ọ̀kan náà lójú wọn.

Ìtàn dídùn nìkan kò lè gba àwọn tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí là, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ìwé tó gbajúmọ̀ kì í ṣe oògùn fún a-b-d tí ọmọ kò mọ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún wa ni pé èdè Yorùbá kì í fi ojú ẹni gbolẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì: lẹ́tà 25 péré ni, kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì 7, ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá sì ní nínú ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sábà máa ń ní nínú òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ lórí "ba, be, bẹ" àti "gba, gbe, gbẹ", láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n, lè gbé ọmọ ọdún méjìlá kúrò ní ojú kan láàárín táàmù kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn náà. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá mọ a-b-d tán kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìtàn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń ṣomi, tàbí tó ń gbé ìwé sún mọ́ imú, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lọ yẹ ojú náà wò kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ.

Ní ti ìtàn náà, ẹ yan ẹyọ kan nínú ìwé mẹ́ta tí ẹ rà, kí ẹ sì fi èyí tó kù pamọ́ ná. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa kà á sókè fún gbogbo kíláàsì, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ ti kà á nílé ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ má bàa há yín lẹ́nu níwájú wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ohùn olè yàtọ̀ sí ohùn ọlọ́pàá. Àwọn ọmọ wa kì í ṣe àlejò sí irú ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń pe "Ààlọ́ o!" tó sì dáhùn "Ààlọ̀!" ti mọ ohun tí etí ń ṣe nígbà tí ìtàn bá ń lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un ni pé kí wọ́n mọ̀ pé inú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Ibi tí ẹ bá dúró sí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má ṣe dúró ní ìparí orí ìwé, níbi tí ọkàn gbogbo ènìyàn ti balẹ̀. Ẹ dúró nígbà tí ọwọ́ bá wà lára ilẹ̀kùn, tí a kò sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo rántí ọmọkùnrin kan tí mo kọ́ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, JSS 2 ni òun náà wà. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ní kí a ṣí ìwé ni ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́n, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ìyẹn pe orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan dé ibi tí ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo pa ìwé náà dé, wọ́n sì pariwo lé mi lórí. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo fi há ojú ewé náà, mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹyọ ìgbálẹ̀ náà ti sún síwájú. N kò béèrè ẹni tó sún un. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń bọ̀ láti ọ́fíìsì nígbà bíréèkì, mo sì gba ojú fèrèsé rí i: òun ni, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó fi ọwọ́ kan di etí tábìlì mú, ìka rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà ìwé, ètè rẹ̀ ń mì. Ó pẹ́ kí ìka náà tó kúrò lórí ìlà kan bọ́ sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìlà mẹ́fà ló kà ní gbogbo bíréèkì yẹn, ó pọ̀ jù. Mo padà sí ọ́fíìsì láìwọlé. Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti oṣù mẹ́ta pé kó ka ìpínrọ̀ kan, òun ló fi bíréèkì rẹ̀ sílẹ̀, tí kò jẹun, nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fi dá ọ̀gá yín lóhùn. Láti ọdún 1929 wọ 1930, I. B. Thomas tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ìtàn náà wọ àwọn òǹkàwé lára débi pé àwọn kan gbà pé ẹni gidi ni Ṣẹ̀gilọlá, wọ́n sì ń kọ̀wé ránṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ìwé fàájì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà náà ìbá pè é. Lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì. (Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní kí ẹ kà á fún ọmọ ọdún méjìlá o, ọ̀rọ̀ àgbà ló kún inú rẹ̀.) Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún ọ̀gá yín pé lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ wà nínú iṣẹ́ tí ìjọba ní kí a kọ́ wọn, àti pé ẹni tí kò lè ka ìwé fàájì kò lè ka ìwé ìdánwò. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ pè é wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́ kan tí ẹ bá ń kàwé. Mo ti rí ọ̀gá ilé-ìwé kan tó wá ṣe àyẹ̀wò, tó sì wá bá mi lọ́jọ́ kejì pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí olè yẹn.

Èwo ni kí ẹ kà? Ẹ gbàgbé ìwé tí àwa àgbà fẹ́ràn ná. Àwọn olùkọ́ Yorùbá sábà máa ń sáré gbé Fágúnwà, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ a máa gùn, a máa lọ́, a máa bí ọmọ sínú ara wọn; ọmọ tó ń ṣa ọ̀rọ̀ kà yóò sọnù sínú igbó náà kí ọdẹ tó yọ. Fún ẹnu olùkọ́ ni Fágúnwà dára, kò tíì dára fún ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tiraka. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ yàn bá a mu jù, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń lé ọmọ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ta ló ṣe é? Bí ọmọ kò bá tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìpínrọ̀ kan, kò ní gbàgbé ohun tó ń wá.

Ìdí kan tún wà tí mo fi fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wọn, àwọn ènìyàn kì í sì í sábà ronú kàn án. Akọni kan náà ló máa ń padà wá. Nínú àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé, Akin Olúṣínà àti Túndé Atọ̀pinpin ni a máa ń bá pàdé láti ìwé kan dé òmíràn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí náà mú Lápàdé rẹ̀ jáde ní 1969 nínú Àjà Ló Lẹrù, ó sì tún mú un padà wá ní 1971 nínú Àgbàlagbà Akàn. Fún ọmọ tó ń tiraka, ojú ìwé mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló máa ń le jù nínú ìwé yòówù: orúkọ tuntun, ìlú tuntun, ta ni ẹ̀gbọ́n ta ni àbúrò. Nígbà tó bá gbé ìwé kejì tí akọni kan náà wà nínú rẹ̀, ilé tó ti wọ̀ rí ló tún ń wọ̀, ó ti mọ ibi tí àga wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tọ́jú ìwé méjì tó kù. Bí òǹkọ̀wé kan náà ló kọ wọ́n, ẹ ti ṣe oríire. Ti Òkédìjí le díẹ̀ nítorí òwe àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ bíbí Ọ̀yọ́ ni bàbá náà, àwọn ọmọ Ìṣẹ́yìn yóò sì gbọ́ ohùn ilé nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán fúnra yín, kí ẹ mọ ibi tí ẹ máa fò.

Ohun tí ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tún ń ràn án lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. Ní Amẹ́ríkà ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie fún akẹ́kọ̀ọ́ 64, tí kíláàsì wọn bá JSS wa dọ́gba, ní ìtàn kan kà tó dá lórí ìdíje baseball, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Àwọn tí kò mọ̀wé kà dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà dunjú rántí ìtàn náà, ó sì yé wọn, ju àwọn tó mọ̀wé kà gan-an tí wọn kò mọ eré náà lọ. Nítorí náà, ẹ bi àwọn mẹ́sàn-án yẹn léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé-ìwé. Ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ hun aṣọ òfì mọ ohun kan tí ẹ̀yin lè má mọ̀. Ẹni tó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ka ìròyìn bọ́ọ̀lù nínú ìwé ìròyìn Yorùbá ju bó ṣe lè ka ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé kíkà ni ìyẹn náà. Bí ó bá sì jẹ́ orí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ti ń ka ìtàn ìfẹ́ tí wọ́n ń gbé sí Facebook, ẹ má ṣe bú u.

Lẹ́yìn tí etí bá ti gbà á, ẹ jẹ́ kí ẹnu gbà á. Ẹ dẹ́kun kíkà yípo, èyí tí a fi máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde ka ìlà mẹ́ta láìròtẹ́lẹ̀. Òun ló ń bí inú rírun tí ẹ sọ. Dípò rẹ̀, ẹ fún ọmọ ní ìpínrọ̀ kan ní ọjọ́ Ajé, kí ẹ sọ fún un pé ọjọ́bọ̀ ni yóò kà á fún wa, kó sì kà á fún yín níkọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọjọ́ náà tó pé. Kíka ohun kan náà ní àkàtúnkà a máa jẹ́ kí ẹnu yá, èyí tí ó bá sì kà tẹ̀lé e a máa yá díẹ̀ sí i. Ibi tí àwọn ènìyàn inú ìtàn bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló dára jù fún èyí: ẹ pín in bí eré orí ìtàgé, kí ọmọ kan jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí èkejì jẹ́ afurasí. Ẹ fún ẹni tó ń tiraka ní ọ̀rọ̀ kúkurú tó máa pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín.

Bí ó bá ṣì í kà níwájú yín, ẹ má tètè ṣàtúnṣe. Ọmọkùnrin ìjọ́sí yẹn ń kà fún mi lọ́jọ́ kan, ó sì dé gbólóhùn kan tó ní: "Bàbá náà fi ọkọ́ lé èjìká, ó forí lé oko." Ó kà á sí "ọkọ", bí ẹni ń sọ ti ọkọ ìyàwó. Mo dákẹ́. Ó ka ìyókù gbólóhùn náà, ó dúró, ó wò mí, ó ní, "Mà, bàbá wo ló ń gbé ọkọ lé èjìká?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìka padà sẹ́yìn, ó rí àmì ohùn tó wà lórí "ọ" kejì, ó sì kà á re. Ọdún méjì ni a ti ń kọ́ àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ lójú pátákó. Ọjọ́ yẹn ni mo rò pé ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó wúlò fún. Bí mo bá ti tètè pariwo "ọkọ́!" ni, èmi ni mo máa mọ̀ ọ́n kà, kì í ṣe òun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìbéèrè mẹ́wàá lé e lẹ́yìn ìtàn. Ẹ má ní kí wọ́n kọ àkékúrú orí kìn-ín-ní sínú ìwé iṣẹ́. Ìbéèrè kan tó ni: "Kí ni ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí agogo lù wọ́n lórí rẹ̀. Bisikí àti ẹ̀bùn fún ẹni tó bá ka ojú ìwé púpọ̀ jù? Ó máa ń ṣiṣẹ́ dìgbà tí bisikí bá tán.

Bí ẹ bá lè bá ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Fiji ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó ìwé ìtàn dídùn 250 lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ abúlé tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn, ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ náà nínú ìwé kíkà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń lo ìwé iṣẹ́ nìkan. Àwa tí a wà ní girama ní ìgbà yẹn náà mọ̀ bí Pacesetters, àwọn ìwé ìtàn Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀dọ́ tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1977 ṣe máa ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi já. Ẹ kò nílò 250. Ogún ìwé àlòkù nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni lè mú láìkọ orúkọ sílẹ̀, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà pé díẹ̀ máa sọnù. Ìwé tí ọmọ jí gbé, ó kéré tán, ẹnì kan fẹ́ ẹ.

Ẹ má retí ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ "Mà, ẹ ò ní kàwé lónìí ni?", ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ kò fọkàn sí ni yóò kọ́kọ́ bi yín. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ ka ojú ìwé mẹ́fà péré, kí ẹ dá a dúró níbi tó gbóná jù. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan há a, kí ẹ gbé ìwé náà síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i, kí ẹ sì jáde lọ mu omi.